Eèsún Ìyá Àgbà Kò Tíì Ṣínu

Ní ọjọ́ tí èmi àti Ìyá Àgbà rí ara wa kẹ́yìn, búrẹ́dì ló ní òun fẹ́ jẹ. Wọ́n ti po ọ̀gì fún un láàárọ̀, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Búrẹ́dì gígùn tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà Kétu ló ń wù ú. Mo gun alùpùpù lọ rà á. Nígbà tí mo dé, ó fi èékánná bó èèpo rẹ̀ kúrò, ó kó èèpo náà lé mi lọ́wọ́, ó wá ń ti inú rẹ̀ tó rọ̀ bọ inú tíì díẹ̀díẹ̀. Ọyẹ́ mú gan-an lọ́jọ́ náà. Ó fi ìborùn wé etí méjèèjì, imú rẹ̀ nìkan ló kù síta.

Mo ní, "Ìyá, ẹ̀yin lẹ rán mi ní búrẹ́dì, èmi náà lẹ tún ń fún jẹ."

Ó ní, "Ìwọ tó léyín ni kó máa jẹ ibi tó le. Èmi ti jẹ tèmi."

Nígbà tí mo máa fi dé láti kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ́jọ́ kejì, ó ti lọ. Wọ́n sin ín ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn Mùsùlùmí. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní kí n kọ nǹkan tí wọn yóò kà níbi àdúà ogójì ọjọ́, torí pé èmi ni mo ń fi ìwé jẹun nínú ẹbí. Mo gbìyànjú, n kò rí i kọ. Ó di ìsinsìnyí, tí òjò ti rọ̀ dáadáa, kí ọwọ́ mi tó yá. Kí àwọn tó ń retí rẹ̀ má bínú.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ pé Ìyá Àgbà kì í ṣe ìyá àgbà tèmi. Òun ló bí bàbá Àṣàkẹ́, ìyàwó mi. Òun náà ló wo Àṣàkẹ́ dàgbà nínú ilé rẹ̀ ní Okpomẹta, láti ìgbà tí wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú títí ó fi wá sílé mi. Èmi jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, àwọn jẹ́ Mùsùlùmí. Ìyẹn ò di nǹkan kan ní ilẹ̀ Kétu. Ohun tó ṣòro ni pé Àṣàkẹ́ ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Àìsàn tí kò pẹ́ ló mú un. N kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ nípa ìyẹn níbí, àyàfi pé bí ìyàwó bá kú, àna a máa di ẹni ìkíni: ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún, ó tán. Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Obìnrin tí mò ń kọ̀wé nípa rẹ̀ yìí ni kò jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ìyá Eléèsún ni àwọn ará Okpomẹta ń pè é. Ẹ̀yìn ilé rẹ̀ títí dé ibi tí ilẹ̀ ti dà sí odò, inú ọgbà igi lápálápá, eèsún ni gbogbo rẹ̀. Ẹlòmíràn gbin àgbàdo, ẹlòmíràn gbin ẹ̀gẹ́ tàbí iṣu. Òun gé pòròpórò eèsún ní oríkèé-oríkèé, ó rì í mọ́lẹ̀ ní poro-poro bí ẹni ń gbin ìrèké. Àgùntàn rẹ̀ ló gbìn ín fún. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní obìnrin yìí ń gbin ohun tí Ọlọ́run ń gbìn lọ́fẹ̀ẹ́ káàkiri igbó. Ó dá wọn lóhùn pé, "Ti Ọlọ́run wà fún ẹran gbogbo ayé. Èyí wà fún tèmi."

Ó fẹ́ràn àwọn àgùntàn náà, ṣùgbọ́n ó máa ń bú wọn. Èébú náà kì í ṣe ní Yorùbá. Bí àgbò bá da omi nù tàbí bí abo kan bá kọ ọmọ rẹ̀ lọ́mú, èdè Fọ̀n ni Ìyá Àgbà á bọ́ sí, á máa bú u lọ ràì, àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà á dúró wò. Àṣàkẹ́ bi í léèrè rí pé kí ló dé tó jẹ́ Fọ̀n. Ó ní, "Tí mo bá fi èdè tiwa bú wọn, ọ̀rọ̀ náà á dùn wọ́n, wọn ò ní sanra."

Lẹ́yìn tí a sin Àṣàkẹ́, n kò rí Ìyá Àgbà fún ìgbà pípẹ́. Kò wá síbi ìsìnkú, nítorí àgbà kì í lọ wo sàréè ọmọ. Kò ránṣẹ́, èmi náà ò lọ. Mò ń lọ kọ́ àwọn ọmọ nípa ewéko àti ẹranko ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, mò ń padà sílé, mò ń tilẹ̀kùn. Ní àárọ̀ Sátidé kan, ọlọ́kadà zémíjàn kan kan ilẹ̀kùn mi. Ó ní ìyá kan ní Okpomẹta ló ní kí òun wá gbé mi, wọ́n sì ti sọ pé kí òun má padà láìgbé mi.

Mo bá a níwájú ilé, ó ń pọ́n àdá lórí òkúta. Mo dọ̀bálẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ nípa Àṣàkẹ́. Kò bi mí bóyá mò ń jẹun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú rẹ̀ wo ọrùn mi àti ọwọ́ mi. Ó na àdá sí mi, ó ní ẹ̀yìn òun ń dun òun, kò sì sẹ́ni tí yóò gé koríko fún àgùntàn.

Mo ní, "Ìyá, mi ò gé koríko rí."

Ó ní, "O ò tíì jẹ́ opó rí náà. Dìde."

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí oko eèsún ní gbogbo Sátidé nìyẹn. Ewé eèsún ní irun wẹ́wẹ́ tó ń yún ara. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ara mi wú láti ọrùn dé ọwọ́, n kò sì ronú nípa nǹkan mìíràn ju ìyún ara lọ títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo rò pé ohun tó fẹ́ gan-an nìyẹn.

Ó ní òfin kan lórí gígé. Á fi ìkúùkù kan lé ilẹ̀ níbi ìdí eèsún, á gbé ìkejì lé e lórí. Òkè ìkúùkù kejì ni àdá ń kọjá. Ẹni tó bá gé e sísàlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ariwo rẹ̀ á dé ojú ọ̀nà. Bí òjò bá ń parí lọ, á ní ká gé ìgé ìkẹyìn, ká wá jáde nínú oko. Láti ìgbà yẹn títí ọ̀gbẹlẹ̀ fi máa parí, ewéko náà á kàn dúró, á gbẹ, á di pupa, kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án. Èmi mọ ìdí rẹ̀ láti inú ìwé: ewé ló ń se oúnjẹ, gbòǹgbò ló ń jẹ ẹ́ tó sì ń tọ́jú ìyókù. Bí ewé bá tán, gbòǹgbò á dáwọ́ gígùn dúró, òmíràn á sì kú. Bí ewé bá ráyè kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó dé, gbòǹgbò á kún. Òun náà mọ ọ́n láti ibi tí òun ti kọ́ ọ. Nígbà tí mo sọ ti ìwé fún un, ó mi orí, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó gbọ́ pé ọmọ ìyá òun wà ní ìlú òkèèrè. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. N ò mọ̀ pé ẹlòmíràn ti rí i."

Lásísì, àbíkẹ́yìn rẹ̀, ni kò gba òfin náà. Lásísì ń sin àgbò fún Iléyá, ó ń tà wọ́n fún àwọn ará Kétu àti àwọn tó ń kọjá sí Nàìjíríà. Àbúrò bàbá Àṣàkẹ́ ni, nítorí náà bàbá ló jẹ́ fún ìyàwó mi nínú ẹbí, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ orí èmi àti òun sún mọ́ra. Ìjà òun àti ìyá rẹ̀ dà bí oúnjẹ òwúrọ̀ fún wọn.

Lásísì á ní, "Ìyá mi, ebi ń pa ẹran, oúnjẹ wà lẹ́yìn ilé, ẹ sì jókòó tì í bí ẹni ń ṣọ́ ìṣúra."

"Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ iṣu tán kí ẹ tó gbin èyí tó kù, ẹ̀yin lẹ ń bá mi sọ̀rọ̀ ebi?"

"Koríko kọ́ ni iṣu!"

"Ìwọ náà kọ́ ni àgbẹ̀. Fi àdá sílẹ̀."

Á fi àdá sílẹ̀, á máa kùn lọ, á padà wá jẹun lálẹ́. Ìyá Àgbà á bu ẹran tó tóbi jù sínú àwo rẹ̀, á ní, "Jẹ ẹ́. Ohùn tí o fi ń bá mi jà, kó má lọ gbẹ."

Ṣùgbọ́n àkókò kan wà nínú ọdún tí òun fúnra rẹ̀ ń tú òfin náà, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ wà. Ní ìlú wa, bí Iléyá bá ń bọ̀, wọn a so àgbò ọdún mọ́lẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, wọn a máa gbé oúnjẹ wá bá a. Ìdí eèsún, níbi tó funfun tó sì rọ̀ mọ́ ilẹ̀, dùn lẹ́nu àgbò ju ewé lọ. Nítorí náà, ìgé Iléyá kò mọ ìkúùkù. Wọn a gé e dé ilẹ̀ pátápátá láti fi yẹ́ ẹran ọdún sí. Bí ìyá Ìyá Àgbà ṣe ń ṣe é nìyẹn, bí òun náà ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ọjọ́ tó ti dá oko náà.

Ní ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, mo rí i pé oko náà ń fá bí orí tó ń pá. Níbi tí ìdí eèsún ti máa ń fẹ̀ bí apẹ̀rẹ̀, ó di ìwọ̀nba pòròpórò mélòó kan. Èpò wọlé láàárín poro. Ìyá Àgbà kọ́kọ́ di ẹ̀bi ru ikán, ó ní wọ́n ń jẹ ẹ́ nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ní ọwọ́ mi ni, pé ọwọ́ olùkọ́ tutù. Lẹ́yìn náà, Lásísì ni, pé ó ń wá gé e nígbà tí òun bá ń kírun. Lásísì búra. Oko náà ń fá síi. N kò tíì rí i kí ìdààmú hàn lójú rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kódà nígbà tí Àṣàkẹ́ wà lórí àìsàn. Ó máa ń dúró láàárín oko pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, á máa fi ọ̀pá náà tọ ìdí kan, á tún tọ òmíràn. Oko náà ni ohun tó kù tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn tó ṣì ń hù. Ó sọ fún mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan pé, "Èmi ò bẹ̀rù kí n kú. Mi ò kàn fẹ́ kí n kẹ́yìn gbogbo nǹkan tí mo tọ́."

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo ronú débi ìgé Iléyá. Mo sọ fún un pé ó jọ pé ìgbà tí a ń gé e dé ilẹ̀ ni ìṣòro wà. Ó bínú. Ó ní láti ìgbà tí òun ti dá oko náà ni òun ti ń gé e fún Iléyá, kò sì fá. Ó ní, "Ìwé rẹ yẹn, ṣé ó ti jẹ koríko rí ni?"

Mo ní, "Rárá o, Ìyá. Ṣùgbọ́n àwọn tó kọ ọ́ ti hú gbòǹgbò rẹ̀ wò."

Ó ní, "Kí ló dé tí ìwọ ò sọ ìyẹn látàárọ̀? Mú ọkọ́ wá."

Ìdí méjì la hú. Ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, láàárín ẹ̀gún, níbi tí kò sẹ́ni tó ń wọ̀ ọ́ fún ìgé Iléyá. Ìkejì wà láàárín oko. Mo rora gbẹ́ ilẹ̀ yí wọn ká kí n má baà já wọn. Òun jókòó sórí àpótí, ó ń pàṣẹ: "Rọra! Ìyẹn kì í ṣe iṣu. Ṣe o fẹ́ já a ni? Ọkọ Àṣàkẹ́, rọra, mo ní." A gbé wọn sínú agbada omi, a fọ erùpẹ̀ kúrò, a tẹ́ wọn sórí ẹní àtijọ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Gbòǹgbò ti ẹ̀gbẹ́ ọgbà funfun, ó nípọn, ó gùn ju apá mi lọ, ẹ̀ka wẹ́wẹ́ rẹ̀ pọ̀ bí irun. Ti àárín oko kúrú. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ti dúdú, bí mo bá tẹ̀ ẹ́, ó ń rún wómúwómú. Kò sí ojú ikán kankan lára rẹ̀.

Ìyá Àgbà fi ìka tọ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó pẹ́ lórí rẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un pé ní gbogbo ọ̀gbẹlẹ̀, ohun tí gbòǹgbò ti tọ́jú ló fi ń gbé ara rẹ̀ ró. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, ìwọ̀nba tó kù sí i lára ló ń fà jáde láti fi hu ewé tuntun. Títí ewé náà yóò fi pọ̀ tó láti bọ́ ọ padà, ọwọ́ gbòǹgbò ṣófo. Bí a bá gé e dé ilẹ̀ nígbà yẹn, kò ní ohun tí yóò fi hu òmíràn, bí kò ṣe pé kó fi ara rẹ̀ dí i.

Ó ní, "Ó ń gbààwẹ̀."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Ó gbààwẹ̀ látọjọ́ tí òjò ti dá. Ó gbọ́ ìpè ìrọ̀lẹ́, ó gbé oúnjẹ kalẹ̀ kó fi ṣínu. Èmi wá, mo gbé àwo lọ fún àgbò." Ó gbé ojú sókè. "Kí ló wá dé tí kò kú nígbà yẹn lọ́hùn-ún?"

Ìbéèrè náà lágbára. Èmi àti òun la jọ wá ìdáhùn rẹ̀. Mo béèrè pé ní ìgbà tó dá oko náà, báwo ni eèsún ṣe ga tó ní ọjọ́ Iléyá. Ó dijú. Ó ní ó ga ju ènìyàn lọ; ó rántí pé Àṣàkẹ́ sá pamọ́ sínú rẹ̀ láti má ṣe fọ abọ́ ọdún, wọn ò sì rí i títí ó fi rẹ́rìn-ín síta fúnra rẹ̀. A rẹ́rìn-ín náà, àwa méjèèjì. Lẹ́yìn náà ló lajú wo oko. Nísinsìnyí, Iléyá ń bọ́ sí àkókò tí eèsún kò tíì ga ju orúnkún lọ.

Oṣù ojú ọ̀run ni wọ́n fi ń ka ọdún ẹ̀sìn. Ó ń fi díẹ̀díẹ̀ ṣáájú ọdún òjò lọ́dọọdún. Nígbà tó dá oko, ọdún náà ń bọ́ sí ibi tí òjò ti pọ̀, gbòǹgbò ti jẹun yó, ó lè fara da ìyà. Lẹ́yìn náà, ọdún ń rìn padà, ó ń rìn padà, títí ó fi bọ́ sórí òjò àkọ́rọ̀. Kò sẹ́ni tó kíyè sí i, torí pé lójú wa, Iléyá ni Iléyá. Ìyá Àgbà wo òkè bí ẹni pé oṣù wà níbẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Ó ní, "Àṣé oṣù ló ń sáré. Koríko ò lẹ́sẹ̀ tí yóò fi bá a lọ."

Ohun tó ṣe lẹ́yìn èyí ni mo fi mọ irú ẹni tó jẹ́ gan-an. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún náà ṣe ń parí lọ, tí ewé tuntun kò tíì hù, ó pe gbogbo ẹbí jọ. Ó ní òun kò ní gé eèsún fún Iléyá tó ń bọ̀. Nítorí pé òun mọ ara òun, ó ní tí ẹran bá wà nílé tó ń ké, àánú rẹ̀ á ṣe òun, òun á gé e. Torí náà, kò ní sí ẹran nílé. Ó kó gbogbo àgùntàn rẹ̀, ti òun àti èyí tí Lásísì ń sìn sọ́dọ̀ rẹ̀, ó fi wọ́n fún àwọn obìnrin ìlú Idigny tó ń ṣe gaàrí láti máa bá òun sìn, kí wọ́n pín ọmọ tí wọ́n bá bí. Èèpo ẹ̀gẹ́ pọ̀ lọ́dọ̀ tiwọn.

Lásísì fò dìde. "Ìyá mi! Ẹni tó ní koríko kò ní àgùntàn, ẹni tó ní àgùntàn kò ní koríko. Ṣé kí ayé lè fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ni?"

"Kí wọ́n fi mí ṣe é. Mo ti dàgbà, kò ní dá mi lápá."

"Oko koríko ni ẹ fẹ́ fi jogún fún wa!"

Nígbà náà ló sọ ọ̀rọ̀ tó di ọ̀rọ̀ ẹbí. Ó fi ọ̀pá kan ilẹ̀, ó ní, "N ò tíì mọ ẹni tí mo máa fi í jogún fún. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́: ẹni tó bá mọ ìgbà tí kò yẹ ká gé e, òun ló ni ín."

Ìlú rẹ́rìn-ín dáadáa. Àwọn ọlọ́kadà á dúró níwájú ilé, wọ́n á ní, "Ìyá Eléèsún, ẹ ń kọ́? Àgùntàn ń kọ́?" Á dáhùn pé, "Wọ́n ti lọ sí vàkáǹsì, wọ́n lọ gba ìsinmi." Ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà oko ní gbogbo ìbẹ̀rẹ̀ òjò náà. Ọdún Iléyá, wọ́n pa àgbò tí wọ́n rà lọ́jà. Eèsún ga dé orúnkún, ó kọjá ìbàdí, ó bo èjìká. Nígbà tó ga ju mí lọ, ó ní kí n gé poro kan péré, ní ìkúùkù méjì. Níbi ìdí tí mo gé, èéhù tuntun yọ láti gbogbo ẹ̀gbẹ́. Àwọn àgùntàn padà láti Idigny, àwọn kan pẹ̀lú ọmọ. Ó fi Fọ̀n bú wọn títí ilẹ̀ fi ṣú, inú rẹ̀ dùn débi pé kò jẹun.

Oko náà kò tíì padà sí bó ti wà. Èmi àti òun mọ̀. Ó ní ọdún kan kò tó fún ẹni tí ebi ti pa fún ìgbà pípẹ́, ó ku ọdún kejì, bóyá ìkẹta. Ọyẹ́ dé, Ìyá Àgbà sì lọ, bí mo ti sọ.

Bí òjò àkọ́rọ̀ ọdún yìí ṣe rọ̀, mo dé oko ní Sátidé, mo sì bá èéhù tó ti yọ lórí gbogbo poro, ó tutù yọ̀yọ̀. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí. Iléyá ń bọ̀. Àna lásán ni mo jẹ́ nínú ilé yẹn, ìyàwó mi kò sí, ìyá rẹ̀ àgbà kò sí. Àna kì í sì í sọ pé rárá fún àwọn tó fún un ní ìyàwó.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Lásísì dé pẹ̀lú àdá àti okùn. Ó ti so àgbò mélòó kan mọ́lẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i, mo sì dúró sẹ́nu ọ̀nà ọgbà.

Ó ní, "Àna, ẹ yà fún mi. Ìyá ti lọ, ìjà ti parí."

Mo ní, "Bàbá, ẹ dákun. Ẹ jẹ́ kó ṣínu ná."

"Kí ló fẹ́ ṣínu?" Ó wò mí bí ẹni pé orí mi dàrú. Lẹ́yìn náà, ó rántí ẹni tó ni ọ̀rọ̀ náà. Ó ká okùn náà mọ́ ọwọ́, ó tún tú u. "Ta ló wá fún yín láṣẹ níbí?"

"Lójú yín ni Ìyá ti sọ̀rọ̀, Bàbá. Mi ò sọ pé èmi ni mo ni ín. Mo kàn mọ̀ pé ìgbà tí kò yẹ ká gé e nìyí. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n."

Ó wo inú oko lọ láti orí mi.

"Kí ni àgbò mi máa wá jẹ? Àdúà?"

"Èèpo ẹ̀gẹ́ láti Idigny. Màá máa gbé e wá."

"Ẹ̀yin? Lórí alùpùpù? Mẹ́tìrì, olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì?"

"Èmi."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ìyá rẹ̀ ni. Ó ní, "Ó dáa. Ọjọ́ tí èèpo bá tán, ọjọ́ náà ni màá wọlé." Ó yípadà, ó sì tún yíjú sẹ́yìn. "Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ ilé-ìwé yín rí yín o, wọn ò ní kí yín mọ́."

Wọ́n rí mi. Èèpo ẹ̀gẹ́ ń rùn kó tó gbẹ, òórùn rẹ̀ sì ń bá mi wọ kíláàsì. Mò ń gbé e wá lẹ́yìn ilé-ìwé, Lásísì ń sá a sóòrùn lórí báàṣì tapólì, kó gbẹ dáadáa kí ẹran tó jẹ ẹ́. Ní àwọn ọjọ́ kan, òun náà á gun igi lọ já ewé sí i. A kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ kan tí a ń kó èèpo kúrò nítorí òjò, ó ní, láìwò mí, pé òun kò tíì rí kí eèsún hù tó báyìí láti ìgbà tí Àṣàkẹ́ ti wà ní kékeré. Èèpo kò tán. Iléyá dé, ó kọjá, wọ́n gbé itan àgbò wá sílé mi ní Kétu. Ọmọ tó gbé e wá ní, "Wọ́n ní kí n sọ pé ti ẹbí ni."

Mo dúró títí eèsún fi ga ju mí lọ. Ní Sátidé tó kọjá, Lásísì ti lọ sọ́jà, kò sẹ́ni nílé. Mo pọ́n àdá. Mo gé poro àkọ́kọ́ láti òpin dé òpin, mo sì fi èyí tó kù sílẹ̀ fún àwọn ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo dì í ní ìdì kan, ó tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí n kò fẹ́ kí ọ̀kankan ṣẹ́kù. Kò sẹ́ni tí yóò gbé e rù mí. Mo wò yíká. Mo gbé ìdì náà dúró ti igi lápálápá, mo kúnlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, mo ti orí bọ ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì di okùn mú. Ìgbà àkọ́kọ́, n kò lè dìde. Ìgbà kejì, mo fi ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣíwájú, mo mí kanlẹ̀, mo dìde. Ẹrù náà yí díẹ̀ sí apá kan. Mo dúró jẹ́ẹ́ títí ó fi jókòó dáadáa lórí mi, mo wá mú ọ̀nà ilé àwọn àgùntàn.